Ta Ni Ó Bọ́ Aṣọ Náà? Ìhòòhò àti Iyì Ènìyàn Nínú Ìtàn Ayé

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Agbára káká ni a fi lè rí ọ̀rọ̀ tí òwe yìí bá mu tó ọ̀rọ̀ ìhòòhò. Ohun tí ó jẹ́ ìwẹ̀ lásán lọ́dọ̀ àwọn kan, ìwà ìbàjẹ́ ni lójú àwọn mìíràn. Ohun tí ó jẹ́ àmì ọlá ní ìlú kan, ẹ̀sín ńlá ni ní ìlú kejì. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá sì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ ó dára kí ènìyàn wà ní ìhòòhò lójú ẹlòmíràn, àbí kò dára?

Ìbéèrè yìí rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé kò jinlẹ̀ tó. Bí a bá gbé àwọn orílẹ̀-èdè yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé ìhòòhò kan náà a máa gbé ènìyàn ga ní òní, a sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀la. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn máa bi. Ta ni ó bọ́ aṣọ náà? Ní ìfẹ́ inú ta ni? Lójú ta ni? Lórí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ni ìjíròrò yìí dúró lé.

Ìhòòhò kì í ṣe ẹyọ ohun kan

Kí a tó rìn jìnnà, ó yẹ kí a wo ilé. Lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá pàápàá, ìhòòhò kì í ṣe ẹyọ ohun kan ṣoṣo. Ìhòòhò ni ọmọ fi ń wá sáyé, kò sì sí ẹni tí ó ń tijú rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọdé a máa sáré káàkiri agbo ilé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí nìkan, àwọn àgbà a sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Ní odò, àwọn obìnrin a máa wẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwọn, àwọn ọkùnrin a sì máa wẹ̀ ní tiwọn. Bí ènìyàn bá kú, a ó wẹ̀ ẹ́ kí a tó fi aṣọ ìkẹyìn bò ó. Kò sí ẹ̀tẹ́ nínú gbogbo wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá bọ́ra sílẹ̀ láàrin ọjà, ọ̀rọ̀ ti di ti wèrè nìyẹn. Ìdí rèé tí àwọn àgbà fi gbà pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà, ìwòsàn rẹ̀ ti di ìṣòro. Bí ìyá arúgbó bá sì gbé ọmú rẹ̀ sókè tí ó fẹ́ fi ṣépè, jìnnìjìnnì ni yóò bo ẹni tí ó bá rí i. Ara ènìyàn kan náà ni. Ibi tí ó ti hàn, ẹni tí ó fi í hàn, àti ojú tí ó rí i ni ó yàtọ̀.

Òwe mìíràn sọ pé aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni a sì tún máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá pé, "Ènìyàn ni aṣọ mi." Bí a bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ìtumọ̀ wọn ni pé aṣọ kì í ṣe òwú àti ìránṣọ lásán. Iyì tí àwùjọ fi bo ọmọ ènìyàn ni. Ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ níbi tí àwùjọ ti fi àyè gbà á kò pàdánù iyì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá já aṣọ gbà lára rẹ̀, iyì ni a já gbà. Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí láàrin àwọn ènìyàn mìíràn.

Ilẹ̀ Gíríìsì: ìhòòhò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú

Nínú àwọn ènìyàn ayé àtijọ́, àwọn Gíríìkì ni òkìkí wọn kàn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì, èyí tí a máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 776 kí a tó bí Kristi, ìhòòhò ni àwọn ọkùnrin fi ń sáré, ìhòòhò ni wọ́n fi ń ja ìjàkadì. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn gymnos, tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó wà ní ìhòòhò, ni orúkọ gymnasium ti jáde, èyí tí í ṣe pápá tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n sì ti ń gba ẹ̀kọ́. Títí di òní, orúkọ yìí ni wọ́n ń pe irú ilé-ìwé gíríámà kan ní ilẹ̀ Jámánì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n bí àṣà yìí mọ́ àwọn Gíríìkì. Thucydides, òpìtàn wọn tí ó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún kí a tó bí Kristi, sọ pé nígbà kan rí àwọn eléré Òlíḿpíìkì a máa fi ìbàǹtẹ́ bo ìdí wọn, àti pé àwọn ará Sparta ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ ọ sílẹ̀. Pausanias, tí ó kọ ìwé tirẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, gbé e fún sárésáré kan tí ń jẹ́ Orsippos, ará Megara. Ó ní ìbàǹtẹ́ ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀ lórí eré, ó sì gbà pé ṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó bọ́ nítorí pé ẹni tí kò wọ nǹkan a máa yára ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ. Ìtàn méjèèjì kò bára mu lórí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ìgbà kan wà tí àwọn Gíríìkì náà ń bo ìdí wọn.

Kí ni àṣà náà wá túmọ̀ sí fún wọn? Ó di odi tí wọ́n fi pààlà sáàrin ara wọn àti àwọn ẹlòmíràn. Herodotus sọ pé lọ́dọ̀ àwọn ará Lydia àti ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í ṣe Gíríìkì, ìtìjú ńlá ni fún ọkùnrin pàápàá kí a rí i ní ìhòòhò. Lójú àwọn Gíríìkì, ara tí oòrùn ti pa, tí eré ìdárayá ti gún régé, ni ẹ̀rí pé ènìyàn jẹ́ ọmọ ìlú tí ó lómìnira. Ní Atẹ́nì, òfin kan tí wọ́n ní Solon ni ó ṣe é kò gba ẹrú láyè láti ṣe eré ìdárayá níbẹ̀. Ẹrú lè wà ní ìhòòhò nídìí iṣẹ́ tàbí lórí igbá ọjà, ṣùgbọ́n ìhòòhò ti gymnasium kì í ṣe tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti obìnrin. Obìnrin tí ó ti lọ́kọ kò gbọdọ̀ wo ìdíje Òlíḿpíìkì. Òfin sọ pé kí wọ́n ti ẹni tí ó bá dán an wò láti orí àpáta. Pausanias pìtàn Kallipateira, opó kan tí ó múra bí ọkùnrin olùkọ́ eré, tí ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sí pápá. Nígbà tí ọmọ náà borí, ayọ̀ mú ìyá fo ọgbà kọjá, aṣọ rẹ̀ ṣí, àṣírí sì tú. Wọn kò pa á, nítorí pé baba rẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti gba adé Òlíḿpíìkì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí àwọn olùkọ́ eré pẹ̀lú máa wọlé ní ìhòòhò. Ìhòòhò di ìwé-ẹ̀rí: òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wọlé.

Nígbà tí àṣà yìí dé Jerúsálẹ́mù, ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 175 kí a tó bí Kristi, Jásónì, olórí àlùfáà, gba àṣẹ láti kọ́ gymnasium sí ìlú náà. Ìwé àwọn Mákábì sọ pé àwọn Júù kan tilẹ̀ wá ọ̀nà láti pa àmì ìkọlà wọn rẹ́. Ohun tí ó jẹ́ àmì òmìnira fún Gíríìkì wá di ohun tí ń tú májẹ̀mú àwọn baba ẹlòmíràn. Níbi yìí ni a ti kọ́kọ́ rí i pé nígbà tí àṣà ìhòòhò bá ti ọ̀dọ̀ alágbára wá bá aláìlágbára, kì í wá ní òun nìkan. Agbára a máa bá a rìn.

Jàpáànù: nígbà tí ojú àjèjì wọ ilé-ìwẹ̀

Bí alágbára ti lè mú ìhòòhò wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè mú ìtìjú wá. Ẹ̀rí èyí wà ní ilẹ̀ Jàpáànù. Láti ìgbà láéláé ni ilé-ìwẹ̀ ìlú ti jẹ́ ibi ìpéjọ fún àwọn ará ibẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, wọn a wẹ̀, wọn a rì sínú omi gbígbóná, wọn a sì tàkúrọ̀sọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkùnrin àti obìnrin jọ ń lo omi kan náà ni. Àwọn aláṣẹ kò fi gbogbo ìgbà fẹ́ èyí. Ní ọdún 1791, ìjọba shogun fòfin de ìwẹ̀ àjùmọ̀wẹ̀ ní Edo, ìlú tí ó di Tokyo lónìí. Ṣùgbọ́n òfin náà kò múlẹ̀, nítorí pé àwọn ará ìlú kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ara tí a rí nílé-ìwẹ̀, ara tí ń wẹ̀ ni. Kò pe ẹnikẹ́ni sí nǹkan mìíràn.

Ní ọdún 1853, ọ̀gágun Perry ti Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ ogun dé etíkun Jàpáànù. Ní ọdún 1854, àdéhùn tí ó fi ipá gbà ṣí èbúté Shimoda àti Hakodate sílẹ̀ fún àwọn àjèjì. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ìrìn-àjò náà jáde ní ọdún 1856, àwòrán ilé-ìwẹ̀ Shimoda wà nínú rẹ̀, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń wẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fi í bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà àwọn ènìyàn náà. Ohun kan ṣe pàtàkì níhìn-ín. Àwọn tí ó wà nínú ilé-ìwẹ̀ kò yí padà. Ojú tí ń wò wọ́n ni ó yí padà.

Lẹ́yìn tí ìjọba Meiji gorí àlééfà ní ọdún 1868, ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù má fojú ẹni ẹ̀yìn wò wọ́n, kí a sì lè tún àwọn àdéhùn tí ó rẹ́ wọn jẹ ṣe. Ní ọdún 1872, òfin ìlú Tokyo sọ ìwẹ̀ àjùmọ̀wẹ̀ àti rírìn láìwọṣọ ní ìgboro di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní owó ìtanràn. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, alágbàṣe àti àwọn tí ń fa kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ti ń fi ìbàǹtẹ́ nìkan ṣiṣẹ́ nínú ooru láti ìgbà baba ńlá wọn, bá ara wọn níwájú ọlọ́pàá.

Àwàdà tí ìtàn wá ṣe lẹ́yìn èyí kò kéré. Ayàwòrán kan, Kuroda Seiki, kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí yíya àwòrán obìnrin ní ìhòòhò ti jẹ́ olórí ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ ọnà. Ní ọdún 1895, ó gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kan síta ní ìpàtẹ ńlá kan ní Kyoto, ariwo sì sọ. Ní ọdún 1901, ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí wọ́n fi aṣọ bo ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀ mìíràn. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti yí: ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ayé ń fi ilé-ìwẹ̀ Jàpáànù ṣe ẹlẹ́yà, nísinsìnyí, àwòrán tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá ni àwọn ará Jàpáànù ń fi aṣọ bò, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ìtìjú náà tán. Lónìí, àwọn ará Jàpáànù ṣì ń wẹ̀ pọ̀ ní ìhòòhò láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ jùlọ ilé-ìwẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé Ìlà-Oòrùn ayé nìkan ni irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ní Finland, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀, ilé-ìwẹ̀ olóoru tí wọ́n ń pè ní sauna tó mílíọ̀nù mẹ́ta, UNESCO sì kọ àṣà náà mọ́ ara àwọn ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2020. Ààrẹ Urho Kekkonen tilẹ̀ gba Khrushchev, olórí ìjọba Soviet, lálejò nínú sauna ní ọdún 1960. Kò sí ẹni tí ó pe Finland ní orílẹ̀-èdè aláìlajú nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ìdí rẹ̀. Àwọn ará Finland ni wọ́n sọ ìtumọ̀ ìwẹ̀ wọn fún ayé. A kò bá wọn sọ ọ́.

Jámánì: ìhòòhò tí a fi ẹgbẹ́ àti òfin ṣe

Ibi tí a ti fi ìhòòhò ṣe ẹgbẹ́, tí a kọ ìwé nípa rẹ̀, tí a sì fi òfin jà lé e lórí jùlọ ni ilẹ̀ Jámánì. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn ń rọ́ wọ ìlú ńláńlá láti wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Berlin, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan ní ọdún 1871, ti ní mílíọ̀nù méjì ní ọdún 1905. Yàrá wọn há, oòrùn kì í wọlé, ikọ́ ife sì ń pa wọ́n. Àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ jẹ́ oògùn. Ní ọdún 1903, Niels Finsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé ó fi ìmọ́lẹ̀ wo àrùn tí kòkòrò ikọ́ ife ń fà sí awọ ara.

Inú irú èrò yìí ni ohun tí wọ́n ń pè ní Freikörperkultur ti jáde, èyí tí a lè pè ní àṣà ara tí ó lómìnira. Ní ọdún 1893, Heinrich Pudor tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1898, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Essen. Ní ọdún 1903, Paul Zimmermann ṣí ọgbà kan sí Klingberg, lẹ́bàá Lübeck, níbi tí tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn ti lè lo ìsinmi láìwọṣọ. Òfin wọn le: ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ ẹran, wọn kì í mu ọtí, wọn kì í sì í gba ẹnikẹ́ni láìṣe ìwádìí ìwà rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwà ìbàjẹ́ kò sí nínú ara. Inú ìfarapamọ́ ni ó ń gbé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo wọn ní èrò kan náà. Richard Ungewitter, tí ìwé rẹ̀ lórí ìhòòhò jáde ní ọdún 1906, gbà pé bí ọkùnrin àti obìnrin Jámánì bá rí ara wọn láìsí aṣọ, wọn yóò yan ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ẹ̀yà wọn yóò sì mọ́. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Adolf Koch, olùkọ́ kan ní Berlin, wà ní ìkángun kejì. Òṣìṣẹ́ àti ọmọ tálákà ni ó ń kọ́ ní eré ìdárayá láìwọṣọ láti ọdún 1920 sí i, kí ara wọn lè le, kí wọ́n má sì tijú pé wọ́n jẹ́ tálákà. Lójú tirẹ̀, bí aṣọ bá bọ́, kò sí olówó, kò sí tálákà mọ́. Ìhòòhò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wàásù. Ayé tí wọ́n fẹ́ fi í kọ́ ni ó yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1933, kété lẹ́yìn tí Hitler dórí oyè, Göring pàṣẹ kí ọlọ́pàá gbógun ti àṣà náà. Wọ́n ti ilé-ìwé Koch pa. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà láti tẹ̀lé Násì rí àyè máa bá a lọ ní orúkọ mìíràn, wọ́n sì tú òfin náà sílẹ̀ díẹ̀ ní ọdún 1942. Kì í ṣe ìhòòhò gan-an ni ìjọba ń bẹ̀rù, bí kò ṣe ẹgbẹ́ tí kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí tún ṣẹlẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì lẹ́yìn ogun. Ní ọdún 1954, ìjọba Kọ́múníìsì fòfin de ìwẹ̀ láìwọṣọ ní etí Òkun Baltic. Àwọn ará ìlú kọ lẹ́tà ẹ̀hónú lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí ó sì di ọdún 1956, ìjọba gbà pé kí wọ́n ya àwọn ibì kan sọ́tọ̀ fún un. Ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba ti ń ṣọ́ ènìyàn tọ̀sán tòru, etíkun di ibi tí kò sí aṣọ iṣẹ́ tàbí báàjì ẹgbẹ́ lára ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní ọdún 1990, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn wá gba ìsinmi ní etíkun náà, wọ́n sì ní kí àwọn ará ibẹ̀ bora. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi pè é ní Ogun Pátá. Ẹ̀rín ni ó ń pa ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlà-Oòrùn kò rẹ́rìn-ín. Lójú wọn, àlejò ni ó dé tí ó ń sọ ohun tí onílé yóò máa ṣe.

Berlin, ọdún 1896: àwọn tí ó kọ̀ láti bọ́ra

Ní àárín àwọn ọdún tí Pudor ń kọ̀wé tí wọ́n sì ń dá ẹgbẹ́ Essen sílẹ̀, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Jámánì kan náà, èyí tí kò yẹ kí olùkọ́ ìtàn gbàgbé. Ní ọdún 1896, wọ́n ṣe àfihàn àwọn ìlú tí Jámánì ń ṣàkóso lé lórí ní ọgbà Treptow ní Berlin. Wọ́n kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún wá láti Tógò, Kamẹrúùnù, Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti New Guinea. Wọ́n kọ́ ahéré fún wọn, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n wọ ohun tí àwọn ará Berlin gbà pé ó jẹ́ aṣọ àwọn aláìlajú, kí àwọn tí ó sanwó ìwọlé lè wo ara wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Áfíríkà náà kọ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé. Friedrich Maharero, ọmọ olórí àwọn Herero, wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ ni ó bá wá sọ́dọ̀ Olú-ọba Jámánì, kì í ṣe ìran. Nígbà tí onímọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn, Felix von Luschan, fẹ́ ya àwòrán wọn, àwọn kan ní àfi bí àwọn bá wọ aṣọ òyìnbó tí ó jẹ́ tàwọn. Kwelle Ndumbe, ọmọ Duala láti Kamẹrúùnù, ṣe èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ra awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà, ó gbé e sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tí ń wò ó. Ní ọdún 2017, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Treptow ṣí àfihàn kan fún ìrántí wọn, orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí pé àwọn náà wò padà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ohun méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ará Berlin tí ó bọ́ aṣọ rẹ̀ ní ọgbà ẹgbẹ́, ọ̀làjú ni ó pe ohun tí ó ṣe. Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ní kí ó bọ́ aṣọ rẹ̀ ní Treptow, àìlajú ni wọ́n fẹ́ kí ó fi hàn. Ní àkókò kan náà, àwọn míṣọ́nnárì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pín ẹ̀wù fún àwọn ọmọ ìjọ. Àwọn ọmọ Yúróòpù ni ó ń pinnu ìgbà tí ọmọ Áfíríkà yóò bora àti ìgbà tí yóò ṣíra. Yorùbá ní bí ìhòòhò bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò.

Ojú yìí kò kúrò nígbà tí àwọn òyìnbó kúrò. Lẹ́yìn òmìnira Gánà ní ọdún 1957, Hannah Kudjoe, akíkanjú obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Nkrumah, léwájú nínú ìpolongo láti gba àwọn ará ìhà àríwá níyànjú kí wọ́n máa wọṣọ. Ní ọdún 1967 sí 1968, Tànsáníà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láàrin àwọn Máàsáì. Kò yẹ kí a bú àwọn tí ó ṣe é. Wọ́n fẹ́ mú ẹ̀gàn kúrò lára orílẹ̀-èdè wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ẹ̀gàn náà kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ wọ̀ láṣọ wá.

Kẹ́ńyà: ìhòòhò ìyá gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn obìnrin fi ń lo ìhòòhò, ìtàn ìlú Nairobi sì fi í hàn kedere. Ní oṣù kẹta ọdún 1922, nígbà tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ti Harry Thuku mọ́lé, àwọn ènìyàn péjọ síwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ padà sílé, Mary Nyanjiru gbé aṣọ rẹ̀ sókè kọjá èjìká, ó sì pe àwọn ọkùnrin níjà pé kí wọ́n gba aṣọ òun kí wọ́n sì fún òun ní ṣòkòtò wọn. Ìbọn dún; ó wà lára àwọn tí ó kú. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, àwọn ìyá tí ọmọ wọn jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú jókòó sí ọgbà Uhuru pẹ̀lú Wangari Maathai. Nígbà tí ọlọ́pàá fi kóńdó lù wọ́n, díẹ̀ nínú àwọn ìyá náà bọ́ aṣọ wọn. Lójú àwọn ènìyàn wọn, ègún ni kí ọmọkùnrin rí ìhòòhò ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1993, wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Irú ohun ìjà kan náà ni àwọn obìnrin Ugborodo ní agbègbè Warri fi halẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2002, nígbà tí wọ́n gba ibùdó epo kan tí wọ́n sì ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ wọn níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ní Nairobi kan náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn ọkùnrin ká obìnrin kan mọ́ ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, wọ́n ní aṣọ rẹ̀ kò bo ara tó, wọ́n sì já a kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáradára: àwọn tí wọ́n ní àwọn ń gbèjà ìbora ni wọ́n tú ènìyàn sí ìhòòhò. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àwọn obìnrin fẹsẹ̀ rìn láàrin ìlú láti fi ẹ̀hónú hàn. Kí ọdún náà tó parí, òfin Kẹ́ńyà ti sọ títú ènìyàn sí ìhòòhò ní tipátipá di ọ̀ràn tí ó dá dúró. Àwọn ìyá ọdún 1992 bọ́ aṣọ wọn, ìjọba sì wárìrì. Obìnrin ọdún 2014 pàdánù aṣọ tirẹ̀, gbogbo ọmọlúwàbí sì bá a sunkún. Ọwọ́ tí ó bọ́ aṣọ náà ni ìyàtọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tí ìtàn ń sọ yé wa. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò mọ ìtìjú, kò sì sí èyí tí kò ní ibi tí ìtìjú náà ti ń sinmi. Ìlànà ni ó ń yàtọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2003 lórí ṣíṣí ara sílẹ̀ pàápàá kò wo ara nìkan; ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ẹni náà ní i lọ́kàn láti fi ìhòòhò rẹ̀ dẹ́rù bà ènìyàn tàbí láti fi bà á nínú jẹ́. Òfin náà ti gbà pé ìfẹ́ inú ṣe pàtàkì ju awọ ara lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ju bí wọ́n ti lè rò lọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi àwòrán ìhòòhò àwọn ará ìlú mìíràn rẹ́rìn-ín, ojú Treptow ni ó fi ń wò ó. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá mú ẹni tí wọ́n ní ó jalè lọ́jà, tí wọ́n tú u sí ìhòòhò kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ìyà tí kò sí nínú ìwé òfin ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ní ayé òde òní, tí tẹlifóònù alágbèéká wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ojú tí yóò rí ẹni náà kò lópin mọ́. Àwòrán náà lè máa tẹ̀lé e títí dé ọjọ́ ogbó rẹ̀. Àwọn tí ó ń wò, tí wọ́n ń yà á, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́, ọwọ́ wọn wà nínú bíbọ́ aṣọ náà.

Nítorí náà, kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní aláìnítìjú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn ìbéèrè mẹ́ta náà: ta ni ó bọ́ aṣọ, ní ìfẹ́ inú ta ni, lójú ta ni? Ẹni tí ó bá dáhùn wọn dáradára yóò rí i pé nígbà púpọ̀, ẹni tí ìtìjú tọ́ sí kọ́ ni ẹni tí ó dúró ní ìhòòhò. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ pé lára, tí ó di aṣọ ẹlòmíràn mú lọ́wọ́, ni ó yẹ kí ó tijú.